BÚRẸ́DÌ ÀTI ÀKÀRÀ KÌ Í ṢE OÚNJẸ Ọ̀LẸ

  

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ lábẹ́lẹ̀ láàárín wa, ó sì yẹ ká gbé e sórí ìwé kó má baà di ìjà. Àwọn kan nínú wa ní ká gbé pátákó síwájú ọjà, ká kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tí kò bá níṣẹ́ lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ jókòó sídìí àtẹ àwọn tó ń ta búrẹ́dì àti àkàrà, àti tàwọn ẹlẹ́wà àgànyìn. Wọ́n ní àwọn ọmọ wọ̀nyí máa ń rìn láti àtẹ kan dé èkejì, wọ́n á wo àkàrà, wọ́n á gbóòórùn epo, wọ́n á bèèrè iye, wọ́n á tún kọjá lọ. Bí wọ́n bá sì wá rà, búrẹ́dì kékeré kan pẹ̀lú àkàrà mẹ́ta ni wọ́n á fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún wákàtí kan gbáko. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Wọ́n ní wọ́n ń lé kọ́sítọ́mà gidi lọ.

Àwa ò gbà. À ń sọ ọ́ gbangba nínú ìwé yìí pé pátákó yẹn kò gbọ́dọ̀ dúró nínú ọjà wa. Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí ẹ̀ fún yín.

TA LẸ̀ Ń PÈ NÍ Ọ̀LẸ?

Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe àjèjì. Ọmọ wa ni, ọkọ wa ni, àbúrò wa ni. Ní 2020 tí kòrónà dé, tí ìjọba ní kí kálukú ti ara ẹ̀ mọ́lé, ẹ rántí iye ṣọ́ọ̀bù tó tilẹ̀kùn tí kò ṣí mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà, owó wà ní báńkì, kò sí lọ́wọ́, ẹ̀yin fúnra yín mọ ohun tójú yín rí. Ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún yẹn kan náà ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, owó mọ́tò sì fò sókè lọ́jọ́ kejì. Kí ọdún yẹn tó parí, ilé-iṣẹ́ ńlá bíi GlaxoSmithKline àti Procter & Gamble kéde pé àwọn ń palẹ̀ iṣẹ́ àwọn mọ́ nílẹ̀ wa.

Tí ilé-iṣẹ́ bá palẹ̀ mọ́, ṣé ọ̀gá nìkan ló kàn ni? Dírẹ́bà ńkọ́? Akọ̀wé ńkọ́? Ẹni tó ń ṣọ́ géètì, ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tó ń gbé ọjà wọn kiri? Gbogbo wọn ló ń jí láàárọ̀, tí wọ́n wẹ̀, tí wọ́n wọṣọ, tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ti ọ̀lẹ níbẹ̀? Ọ̀lẹ kì í fi ẹsẹ̀ rìn láti àárọ̀ pẹ̀lú fáìlì ìwé ẹ̀rí lábẹ́ apá.

Àwọn àgbà ní bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló mú babaláwo dífá ọrọọrún. Ẹni tó ń ra àkàrà mẹ́ta lónìí lè di ọ̀gá ibi iṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó sì ń fi ẹnu gbà á létí lónìí, ọmọ tiẹ̀ náà lè máa wá bẹ́ǹṣì jókòó sí lọ́la.

ÌDÍ TÓ FI Ń RÌN KÁÀKIRI

Ẹ̀sùn kejì ni pé wọ́n ń wò, wọ́n ń kọjá lọ. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ gbọ́ ná. Tí a bá dé Mile 12 láti ra tòmátò, ṣé apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ tójú wa bá kàn la máa ń gbé? Ṣé a kì í tú u wò nísàlẹ̀? Ṣé a kì í bèèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta ká tó sanwó? Ọgbọ́n tí a fi ń nájà tiwa, ṣé ó wá di ẹ̀ṣẹ̀ nígbà tí ẹlòmíì lò ó?

Ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tí àkàrà tó rà bá burú, á gbé e fún ajá, á lọ ra ìrẹsì. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ò ní owó ìrẹsì yẹn. Ohun tó bá jẹ láago mẹ́wàá ló máa gbé e dé alẹ́. Nítorí náà, kò lè ṣi owó ná. Ó ń wá ibi tí owó kékeré ọwọ́ ẹ̀ á ti di oúnjẹ tó dúró nínú. Òun ni kọ́sítọ́mà tó fara balẹ̀ jù lọ nínú gbogbo ọjà. Òun ló mọ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ dáadáa àti ẹni tó kàn ń tan aráyé.

Ẹ jẹ́ ká sì sọ òótọ́, ohun tó ń wá yẹn, oúnjẹ gidi ni. Ohun táwọn òyìnbó ń pè ní sáńwíìṣì, tí wọ́n ń tò sínú gíláàsì nílé oúnjẹ ńlá, tí owó ẹ̀ ń báni lẹ́rù, kí ni? Búrẹ́dì tí wọ́n là láàárín, tí wọ́n há nǹkan sí nínú ni. Tiwa náà nìyẹn, àfi pé tiwa gbóná. Búrẹ́dì Agége tó ki, tó ń fà, tí wọn ò rẹ́ sí wẹ́wẹ́, tẹ́ ẹ bá là á, tẹ́ ẹ há àkàrà gbígbóná sí i láàárín, kò ní fọ́, kò sì ní jẹ́ kí epo kán sí aṣọ.

Àkàrà tó dára sì ní bó ṣe ń rí. Ẹ̀wà tí a rẹ, tí a bó èèpo ẹ̀ dáadáa, tí a lọ̀ láìda omi púpọ̀ sí i, tí a wá lù títí tí afẹ́fẹ́ fi wọnú ẹ̀, òun ló ń léfòó lórí epo tí inú ẹ̀ sì ń rí fúyẹ́. Èyí tí omi pọ̀ jù nínú ẹ̀ á tẹ́ pẹlẹbẹ, á fa epo mu bíi kànìnkànìn. Ẹ̀wà àgànyìn náà ní tiẹ̀. Àwọn obìnrin Àgànyìn láti ìhà Kútọnu àti Tógò ló mú un wá, orúkọ wọn ló sì ń jẹ́ títí dòní. Ẹ̀wà ẹ̀ gbọ́dọ̀ jinná débi pé ṣíbí lásán á tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ata gbígbẹ àti àlùbọ́sà ẹ̀ gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú epo títí á fi dúdú láì jóná. Ẹni tó bá kánjú ṣe é, kọ́sítọ́mà á mọ̀ kó tó gbé e dé ẹnu.

Ẹni tó bá mọ gbogbo èyí, tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀ wá a kiri, ṣé òun la máa lé? Àbí àwọn tí kì í ṣe é dáadáa ló ń bẹ̀rù pé yóò kọjá wọn?

ÀKÀRÀ TI TÚ SÉPO

Ìyẹn gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má bínú o. Kọ́sítọ́mà gidi tẹ́ ẹ ní wọ́n ń lé lọ, kì í ṣe aláìníṣẹ́ ló lé e. Ohun tó lé e lọ ni èyí tí àwọn kan ń ṣe lẹ́yìn àtẹ.

Àkọ́kọ́, búrẹ́dì. Kẹ́míkà kan wà tí wọ́n ń pè ní bromate, tí àwọn ilé búrẹ́dì kan máa ń fi sí ìyẹ̀fun kí búrẹ́dì lè wú fùkẹ̀. Ní 1999, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ fún èèyàn. NAFDAC ti fòfin dè é nílẹ̀ wa. Nígbà tí olóògbé Dora Akunyili wà nípò olórí NAFDAC, ẹ rántí bó ṣe ń bá àwọn ilé búrẹ́dì fà á. Síbẹ̀, àwọn kan nínú wa á gba búrẹ́dì tí kò lórúkọ, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC lára náílọ́ọ̀nù, nítorí pé ó fi náírà díẹ̀ pọ́ọ́kú. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ nítorí pé kò lówó òmíràn, òun la fi ń jẹ èrè yẹn.

Èkejì, ẹ̀wà. Àwọn kan ń da oògùn apakòkòrò sí àpò ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ní 2019 ni NAFDAC ní kí wọ́n má ta ìgò kékeré Sniper nínú ọjà mọ́. Májèlé ni, kì í ṣe ohun tó yẹ kó kan oúnjẹ. Ọ̀nà tó dára wà: ẹ sá ẹ̀wà yín gbẹ dáadáa, ẹ kó o sínú àpò onípele mẹ́ta tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, tàbí inú dúrọ́ọ̀mù tí ìdérí ẹ̀ dì pinpin. Kòkòrò tí kò bá rí afẹ́fẹ́ mí, ikú ló máa kú. Ó ń náni lówó nígbà àkọ́kọ́, àmọ́ ẹ lè lo àpò kan náà ju ọdún kan lọ tí kò bá ya.

Ẹ̀kẹta, epo. Epo tí a ti fi dín àkàrà láti ọjọ́ Ajé, tó ti dúdú, tó ń yọ èéfín, tó ń hó fòfò, a tún ń fi tuntun lé e lórí títí di ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá kọjá tó gbóòórùn ẹ̀, tó yí ẹsẹ̀ padà, kò ṣẹ̀ wá rárá.

Ẹ̀kẹrin, ìwọ̀n. A mọ̀ pé ìyẹ̀fun wọ́n, ẹ̀wà wọ́n, gáàsì wọ́n, owó ọkọ̀ láti òkè ọya ò ṣeé gbọ́ sétí. Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ tà á ní àtàpàdánù. Ẹ fowó lé e, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́. Àmọ́ kí búrẹ́dì máa kéré sí i ní bòókẹ́lẹ́, kí orúkọ àti iye ẹ̀ máa jẹ́ ti tẹ́lẹ̀, ìyẹn kì í ṣe òwò.

ÀWỌN TÓ GBÉ OÚNJẸ YÌÍ NÍYÌ

Ẹni bá ń fojú tín-ín-rín wo àtẹ búrẹ́dì, kó gbọ́ èyí. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Amos Shackleford, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà. Ní 1913 ló wá sí Nàìjíríà láti ṣe akọ̀wé ní réluwéè. Nígbà tó yá, ó fi iṣẹ́ réluwéè sílẹ̀, ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Búrẹ́dì ẹ̀ tàn káàkiri débi pé Ọba Búrẹ́dì ni wọ́n ń pè é kó tó kú ní 1954. Ẹni tó kúrò nídìí iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn lòun náà. Ká ní wọ́n gbé pátákó fún un pé kò gbọ́dọ̀ dúró síbi kan, ta ni ì bá gbé búrẹ́dì rìn nílùú yìí?

Ẹ tún wo òkè òkun. Ní ìpínlẹ̀ Bàhíà ní Brazil, àwọn ọmọ àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ kò gbàgbé àkàrà. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Epo pupa náà ni wọ́n fi ń dín in. Wọ́n á là á láàárín bíi búrẹ́dì, wọ́n á há edé àti ọbẹ̀ sí i. Ní 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń ta á sínú ìwé àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn. Kì í ṣe àkàrà nìkan o, iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń dín in gan-an ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba bọ́ọ̀lù Confederations Cup ní pápá Fonte Nova ní ìlú Salvador ní 2013, ètò FIFA ò fẹ́ fún wọn láyè láti tà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tà tẹ́lẹ̀. Àwọn obìnrin yẹn ní ẹgbẹ́, bí àwa náà ṣe ní. Wọ́n kóra jọ, wọ́n fẹ̀hónú hàn, wọn ò dákẹ́. Ìgbẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n gbà wọ́n láyè, wọ́n sì ta àkàrà wọn nínú pápá.

Ẹ wò ó, àwọn tó wà ní òdìkejì òkun ń bá FIFA jà nítorí àkàrà. Àwa tí àkàrà ti ọ̀dọ̀ wa lọ, pátákó la fẹ́ gbé síwájú ẹ̀.

ẸNI TÓ Ń LÉNI, KÓ RÁNTÍ PÉ WỌ́N Ń LÉ ÒUN NÁÀ

Gbogbo wa la mọ òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2003 lórí ọjà títà lójú títì. Owó ìtanràn ẹ̀ jẹ́ 90,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ní 2016, Gómìnà Ambode nígbà náà tún rán aráàlú létí pé ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà ni òfin yẹn mú. Ẹ ro ó wò ná: ẹni tí kò níṣẹ́, tó ra búrẹ́dì àti àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, òun náà lè rí ara ẹ̀ níwájú adájọ́.

Kí ni àwọn aláṣẹ máa ń sọ tí wọ́n bá ń lé wa? Wọ́n ní à ń dí ojú ọ̀nà. Wọ́n ní ibi tí a bá wà, àwọn aláìníṣẹ́ á pé jọ síbẹ̀. Wọ́n ní a ń ba ojú ìlú jẹ́. Lọ́jọ́ tí a bá gbé pátákó yẹn ró, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn la gbà sọ yẹn. Tí wọ́n bá dé pẹ̀lú ọkọ̀ wọn lọ́jọ́ kejì, kí la máa fi dá wọn lóhùn? Ṣebí àwa fúnra wa la kọ́kọ́ sọ pé àwọn tó ń jẹun níwájú wa ni wàhálà.

Àwọn ìyá wa àtijọ́ ò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ìjọba òyìnbó fẹ́ fi tipátipá dá iye tí gàrí á máa jẹ́, tí wọ́n fi Captain Pullen ṣe olórí ètò náà, Màdámú Àlímọ́tù Pẹlẹwúrà kó àwọn obìnrin ọjà Èkó jọ, wọ́n ní àwọn ò gbà. Ìjà yẹn, ìjà oúnjẹ mẹ̀kúnnù ni. Ẹgbẹ́ obìnrin ọjà kì í lé ẹni tí ebi ń pa.

ÀWÌN ŃKỌ́?

A mọ̀ pé àwọn kan á ní: "Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ àwìn tí wọ́n ń tọrọ ńkọ́?" Òótọ́ ni. Alákàrà tí èèyàn mẹ́wàá bá jẹ lówó láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò ní rí ẹ̀wà rẹ sílẹ̀ lálẹ́. A ò sọ pé kẹ́nikẹ́ni gbé owó òwò ẹ̀ fún ẹni tí kò ní san. Ẹni tí kò bá lè ta àwìn, kó sọ pé òun ò lè ṣe é. Àmọ́ kó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kò yẹ ká pariwo sọ́mọ ọlọ́mọ lójú gbogbo ayé pé, "Lọ wáṣẹ́ ṣe!" Ṣé iṣẹ́ tó ń wá náà kọ́ ló jẹ́ kó jáde nílé?

Ọ̀nà míì wà ju àwìn lọ. Ẹ gé búrẹ́dì sí ìlàjì fún ẹni tó ní owó ìlàjì, láìyọ ṣùtì sí i. Ẹ ta àkàrà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí iṣẹ́ bá sì wà, bóyá omi pípọn, àpò ẹ̀wà gbígbé, àwo fífọ̀, ẹ gbé e fún un, kẹ́ ẹ sanwó ẹ̀ bó ṣe yẹ. Kó fi owó ara ẹ̀ ra oúnjẹ. Ẹni tó fi owó ara ẹ̀ jẹun, orí ẹ̀ á wà lókè.

Bẹ́ǹṣì yẹn tẹ́ ẹ rí, iṣẹ́ wà lórí ẹ̀. Bíríkìlà máa ń jẹun níbẹ̀ kó tó lọ sáìtì, ó sì ń wá lébírà. Ọlọ́kọ̀ tó ń wá dírẹ́bà máa ń dúró níbẹ̀. Àwa fúnra wa, tí tírélà bá jáǹde pẹ̀lú ẹrù, ibẹ̀ la ń ránṣẹ́ sí. Ẹni tí a bá lé kúrò níbẹ̀, a ti lé e kúrò níbi tí iṣẹ́ ti lè rí i.

OHUN TÍ A FẸ́

Ohun tí àwa fẹ́ kí ìpàdé tó ń bọ̀ fọwọ́ sí nìyí:

1. Kò sí pátákó tó ń lé aláìníṣẹ́. Kí ó má wáyé rárá.

2. Ẹni tó bá ń ta búrẹ́dì, èyí tó ní orúkọ ilé tó ṣe é àti nọ́ńbà NAFDAC ni kó máa tà. Ẹni tó bá ń da májèlé sí ẹ̀wà, kí ẹgbẹ́ pè é, kó wí tẹnu ẹ̀.

3. Kí iye ọjà hàn. Ẹ kọ ọ́ sórí páálí: iye búrẹ́dì, iye ìlàjì, iye àkàrà ẹyọ kan. Ẹni tó ń ṣírò owó ẹ̀ kò ní máa bèèrè kiri mọ́.

4. Láti aago mẹ́fà àbọ̀ sí mẹ́sàn-án àárọ̀ tí èrò pọ̀, ẹni tó bá jẹun tán kó dìde fún ẹlòmíì, ì báà jẹ́ oníṣẹ́, ì báà jẹ́ aláìníṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, bẹ́ǹṣì wà fún gbogbo ayé.

5. Kí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí káńsẹ́ẹ̀lì fún ibi kan pàtó nínú ọjà fún àwọn olóúnjẹ, tí omi wà, tí gọ́tà ẹ̀ ń ṣàn. Ẹni tó bá ní ibi tó dára nínú ọjà, kí ló fẹ́ lọ ṣe lójú títì?

Ẹ wá sípàdé o. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá ká lára, kó wá sọ tiẹ̀, a ò ní bínú. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó wá, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ yín ní ìlú onílùú, tó ń rìn kiri pẹ̀lú owó kékeré lọ́wọ́, irú àtẹ wo lẹ fẹ́ kó bá pàdé? Irú àtẹ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ tẹ́ fún ọmọ ẹlòmíì. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ọwọ́ wa ni ebi yẹn wà.

Ọjà á tà o. Èrè á pọ̀. A ò ní rí ìjà iná nínú ọjà wa. Àwọn ọmọ wa tó ń wáṣẹ́ á rí iṣẹ́ tó dára, wọ́n á sì padà wá ra búrẹ́dì odidi. Àṣẹ.

Àwa Ìgbìmọ̀ Ìwé Ìròyìn Ẹgbẹ́